Èèwọ̀ Orúnkún Bàbá Onílé

Ọmọ mi kìlọ̀ fún mi lánàá. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: èmi tí mo bí i, tí mo pọ̀n ọ́n, òun ló ń kìlọ̀ fún mi nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Mowe! Kí ni mo ṣe? Mo kàn ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń múra ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì, jáde wá kí àwọn àlejò ni. Mo ní, “Ẹnjiníà wa, ó yá, wá kí wọn!”

Tóyìn ọmọ mi ò jẹ́ kí àwọn àlejò gbọ́. Ó rọra fẹnu sí mi létí, ó ní, “Màmá, ọmọ yìí lórúkọ. Bí ẹ bá tún pè é ní Ẹnjiníà, màá fún ẹ̀yin náà ní èèwọ̀ tiyín.”

Kíá ni mo panu mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í tètè panu mọ́. Àmọ́ mo mọ ohun tí ọmọ yìí lè ṣe. Ó ti ṣe é rí, ní Ifọ̀, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ohun tí ojú mi rí nígbà náà ni mo jókòó láti ròyìn fún yín báyìí.

Bí ọdún 1987 sí 1988 ni. Yàrá méjì la gbà ní ilé Bàbá Onílé, lẹ́yìn ọjà Ifọ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun ni èmi àti ọkọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé wa débẹ̀. Ó ń ṣe káfíńtà, èmi ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí mo ti ń rí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé àti ẹni tó bá ń jáde. Tóyìn ni àkọ́bí wa.

Ìgbà tó wà ní fọ́ọ̀mù tíríì, ó gba ipò kìíní nínú sáyẹ́ǹsì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Kò wo ẹnikẹ́ni sàn, kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Àmọ́ bàbá rẹ̀ gbé èsì náà yí gbogbo ilé ká, ó ń pariwo pé òun ti bí dókítà. Kò pẹ́, ó kan tábìlì ìkàwé fún un. Ó tún gé pákó kan, ó dán an, ó kùn ún, ó kọ DÓKÍTÀ TÓYÌN sí i gàdàgbà gadagba, ó sì kàn án mọ́ ògiri lókè tábìlì. Ọmọ tó ṣì máa ń sá fún abẹ́rẹ́!

Bó ṣe di orúkọ gbogbo ilé nìyẹn. Bàbá Onílé, tí wọ́n ni ilé náà, á ti mọ́ṣáláṣí dé láàárọ̀, ohùn wọn á sì ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀: “Dókítà! Ṣé dáadáa lo jí?” Ìyá Risi, tó ń ta karosíìnì ní yàrá tó kọjú sí tiwa, á fa orí ọmọ rẹ̀ wá: “Dókítà, bá mi wo làpálàpá yìí.” Tí a bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Wọ́n á ní ká dìde ká gbàdúrà fún dókítà wa. Lákọ̀ọ́kọ́, Tóyìn máa ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó wọ kíláàsì àṣekágbá, ẹ̀rín náà tán.

Inú rírun ló kọ́kọ́ dé. Inú yìí gbọ́n púpọ̀: kì í run ún ní Sátidé, àárọ̀ Mọ́ńdè ló máa ń run ún. Oúnjẹ wá di ohun tó ń fi ṣíbí tì káàkiri àwo. Èékánná ló ń jẹ. Á jókòó ti ojú ìwé kan títí èmi á fi gé bùbá, tí màá rán an tán, kò ní ṣí ìwé náà. Bí mo bá pè é, á ta gìrì bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Télọ̀ sì ni mí, ara ò lè purọ́ fún télọ̀. Mo rán ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ wọlé. Kò pẹ́, mo tún un rán wọlé.

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ mọ irú ẹ̀rù yẹn? Mo fún un ní oògùn aràn. Mo se àgbo ibà. Mo fi àtàńpàkò ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ bóyá mo máa rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Mo tiẹ̀ tẹ̀ lé e dé ẹ̀bá ilé-ìwé rẹ̀, mo sá pamọ́ sẹ́yìn igi máńgòrò, mo ń ṣọ́ ọmọkùnrin tó ń dà á láàmú. Ọmọkùnrin kankan ò wò ó. Ká sòótọ́, ó dùn mí díẹ̀!

Nígbà tí agbára mi pin, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn, sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tí mo máa ń ránṣọ fún. Nọ́ọ̀sì yẹ ojú rẹ̀ wò, ó tẹ inú rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bọ́ síta. Èmi? Ìyá ọmọ? Mo jáde. Mo lọ dúró sábẹ́ fèrèsé. Ó ní kí n bọ́ síta, kò ní kí n má dúró sábẹ́ fèrèsé.

Ẹkún ni mo gbọ́. Tóyìn ń sunkún bí ọmọdé. Kí n tó lè gbọ́ ohun tó ń sọ, ohùn nọ́ọ̀sì ti jáde láti ojú fèrèsé: “Ìyá Tóyìn, ẹ kúrò níbẹ̀ yẹn, ẹ máa wọlé bọ̀.”

Ó ní kò sí aràn, kò sí ibà. Ó ní másùnmáwo ni. Mo ní ṣé ó máa ń mú ọmọdé ni? Ó ní kí ló dé tí kò ní mú un? Ó ṣàlàyé pé ìbẹ̀rù díẹ̀ kì í pa akẹ́kọ̀ọ́, òun ló ń lé e dé ìdí ìwé. Àmọ́ tí ẹrù bá ti pọ̀ jù lọ́kàn, tí ẹnu ò sì lè sọ ọ́, ara á bá ẹnu sọ ọ́. Orí á fọ́, inú á run, oorun á lọ, ìwé tí wọ́n sì ń kà ò ní wọlé mọ́.

“Ìgbà wo ló ṣeré gbẹ̀yìn?”

“Eré kẹ̀? Pẹ̀lú ìdánwò tó ń bọ̀?”

“Ṣé ó ń sùn dáadáa?”

“Èmi ni mo máa ń jí i kó kàwé.”

“Kí lẹ máa ń pè é nílé?”

Inú mi dùn pé ó bi mí ní ìbéèrè kan tí mo mọ̀. “Dókítà ni!”

Nọ́ọ̀sì wò mí títí. “Ìyá Tóyìn, èmi ni mo ń bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́. N ò tíì rí èyí tó gba oyè kó tó wọlé ìwé. Ẹ lọ sọ orúkọ yẹn kalẹ̀ lórí ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kó sùn, kó jẹun, kó ṣeré nírọ̀lẹ́. Bí kò bá sàn, ẹ mú un padà wá.”

Oorun àti oúnjẹ, ọwọ́ mi ni wọ́n wà. Orúkọ ńkọ́? Ẹ bá mi wò ó!

Mo kọ́kọ́ bá ọkọ mi sọ ọ́. Ó ní ṣé àdúrà ló wá ń run ọmọ nínú báyìí? Orúkọ ló ń ro ọmọ. Kí wá ni kí òun máa pè é, Aláìmọ̀wé? Mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá Onílé lọ, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyá Tóyìn, ìwọ kọ́ lo máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń súre fọ́mọ. Sàmín!” Mo yà sọ́dọ̀ Ìyá Risi. Òun ní ọ̀rọ̀ mi yé òun, àmọ́ tí òun nìkan bá ń pe Dókítà ní Tóyìn, wọn ò ní sọ pé òun ń jowú? Ó ku ta ni? Ta ló lè bá àdúrà jà? Ìdánwò ń sún mọ́lé, síkẹ́ẹ̀tì tún ti ń já bọ́ ní ìbàdí.

Sátidé kan ni Bàbá Onílé gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí, wọ́n ká ṣòkòtò sókè. “Dókítà! Wá wo orúnkún yìí. Ó ti ń yọ mí lẹ́nu, n kì í lè kúnlẹ̀ kírun mọ́.”

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà. Mo rí Tóyìn bó ṣe jáde pẹ̀lú ìwé kẹ́mísìrì lápá. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣú. Mo ti fẹ́ dìde kí n bá a bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí nǹkan kan tó kọjá lójú rẹ̀, tí n ò rí níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ìwà ìpáǹle! Ó gbé ìwé kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan orúnkún náà.

“Bàbá, ṣé ó wú? Ṣé ó máa ń gbóná?”

“Kò wú, kò gbóná. Ó kàn ń dùn mí ni, ó sì ń gan.”

“Tó bá wú tàbí tó gbóná, ilé ìwòsàn ni o. Ní báyìí, ẹ bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ rẹ aṣọ sí i, kí ẹ máa fi jó orúnkún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má jókòó sójú kan mọ́. Ẹ máa rọra rìn dé ibi tí rélùwéè ń gbà, kí ẹ sì padà.”

Bàbá Onílé mi orí. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn, àmọ́ nǹkan kan ṣì kù. “Èèwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

Ẹ gbọ́ o, àwọn fúnra wọn ni wọ́n béèrè! Wọ́n ti lo oògùn dàgbà, wọn ò sì rí èyí tí kò ní èèwọ̀ rí. Èyí tí kò bá ní in, wọn ò ní gbà pé oògùn ni.

Tóyìn gbọ́wọ́ kúrò lórí orúnkún. “Èèwọ̀ rẹ̀ le o, Bàbá. Bóyá kí ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.”

“Èmi? Kí ni n ò tíì pa mọ́ rí? Sọ ọ́!”

“Ẹ ò gbọdọ̀ pe ‘Dókítà’ nínú ilé yìí. Ẹ ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn níbẹ̀, títí màá fi ṣe ìdánwò mi tán.”

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

“Kí ló fà á?” Bàbá Onílé ń wò ó.

“Bàbá, ṣé ẹni tó ń fúnni lóògùn máa ń sọ ìdí èèwọ̀?”

“Rárá o! Òótọ́ ni. Kì í sọ ọ́.” Wọ́n sọ ṣòkòtò kalẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Èmi ti ki etí aṣọ oníbàárà bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà pa mí.

Ẹ wá wo ilé wa láti ọjọ́ náà! Ìyá Risi ò tíì gbọ́ nígbà tó kígbe pé, “Dókítà, ẹ kú ìwé o!” Bàbá Onílé yọ sí i láti inú yàrá, aṣọ olómi ṣì wà lórúnkún wọn. “Ìyá Risi! Ṣé o fẹ́ kí n rọ ni? Kí ni mo ṣe fún ẹ?” Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó sì la ẹnu: “Dókítà bàbá ẹ̀!” Bàbá Onílé fi ọwọ́ méjèèjì di etí, wọ́n ní ẹni tí kò bá lè pa èèwọ̀ àwọn mọ́, kó lọ wá ilé mìíràn gbé.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Onílé bi mí ní ohun tí wọ́n kọ sára pákó inú yàrá wa. N kì í purọ́ fún àgbàlagbà. Mo ní, “Bàbá, ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ pè ni.” Ọ̀rọ̀ tán! Ọkọ mi tú pákó náà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, a sì dojú rẹ̀ bolẹ̀, a fi bo ìkòkò omi.

Bàbá Onílé gan-an ló nira fún jù. Ọjọ́ kan, Tóyìn ń kọjá, ẹnu wọn sì ti bẹ̀rẹ̀: “Dó—” Wọ́n húkọ́. “Dó— dòdò! Tóyìn, ṣé dòdò lẹ fẹ́ dín lálẹ́ yìí?” A ò kúkú ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé, mo sáré lọ rà á.

Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo pe Tóyìn sí ilé ìdáná, mo ní irọ́ lo pa fún àgbàlagbà, onílé wa sì tún ni. Ó ní kí n tọ́ka sí irọ́ níbẹ̀. Ṣé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni? Ṣé rírìn ni? Ó ní òun sọ pé kí wọ́n má pe orúkọ yẹn, òun ò sọ pé bí wọ́n bá pè é, orúnkún á wú. Mo tú ọ̀rọ̀ náà wò níwá lẹ́yìn, n ò rí ibi tó ya.

Ó wá ń fi èékánná ha ara tábìlì.

“Màmá, bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, inú mi á dì kuku. Tí mo bá fèèlì, kí lẹ máa wá pè mí?”

Ṣé ẹ̀yin ní èsì rẹ̀? Mo bu ẹ̀wà fún un, ó jẹ ẹ́ tán. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó bá ti kàwé dé ibì kan, mo máa ń lé e jáde kó lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ta tẹ́ńtẹ́ń, eré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fò bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ kan ni wọ́n ní kí èmi náà wá ta á. Mo ká ìró mi sókè! Wọ́n nà mí láyò, kí n má purọ́ fún yín. Bàbá Onílé ń rìn bọ̀ láti ọ̀nà rélùwéè, wọ́n dúró wò wá, wọ́n ní, “Ìyá Tóyìn, orúnkún ìwọ náà ń bọ̀ wá dùn ẹ́.”

Inú rírun Mọ́ńdè dẹwọ́. Mo tú ojú rírán ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì kan. Orúnkún náà sì fúyẹ́ gan-an, èyí ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, nọ́ọ̀sì wá gba aṣọ rẹ̀. Bàbá Onílé rí i pé nọ́ọ̀sì ni, inú wọn dùn. Wọ́n ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gbì gbì níwájú rẹ̀. “Ẹ wo orúnkún mi!”

Nọ́ọ̀sì ní ta ló tọ́jú wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí Tóyìn. “Òun ni! Kì í ṣe omi nìkan o, èèwọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kó jẹ́. Orúkọ kan wà tí n ò gbọdọ̀ pè nínú ilé yìí.”

“Orúkọ wo?”

“Háà! Ṣé kí n wá pè é ni?” Wọ́n ronú. Wọ́n wá fi ìka gún apá ara wọn bí abẹ́rẹ́, wọ́n fi ọwọ́ bọ etí méjèèjì, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé àyà Ìyá Risi bí ẹni ń gbọ́ bó ṣe ń lù. Ìyá Risi fò sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yé nọ́ọ̀sì. Ó wo Tóyìn, ó wo èmi. Bó bá fi rẹ́rìn-ín péré, ó parí! Bàbá Onílé á mọ̀ pé ọmọdé fi àwọn ṣeré, ilé á bọ́ lọ́wọ́ wa, orúkọ yẹn á sì tún padà dé bá ọmọ mi nígbà tí ìdánwò ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì fún ẹnu pọ̀. “Bàbá, èèwọ̀ tó jinlẹ̀ nìyẹn. Ó ku ẹ̀ka kan tí wọn ò sọ fún yín. Ẹ ò tún gbọdọ̀ bi í léèrè bí ìwé ṣe ń lọ, títí èsì á fi jáde.”

“Títí èsì á fi jáde? Nọ́ọ̀sì!”

“Orúnkún ẹni tó dàgbà tó yín kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.”

Bàbá Onílé wo orúnkún. Wọ́n mí kanlẹ̀. “Mo gbà.” Nọ́ọ̀sì gba aṣọ rẹ̀, ó yára jáde. Ìdí igi tó wà lójú títì ni mo bá a, ó di ikùn mú, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́, gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá Onílé dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fẹ́ súre, wọ́n wá gbólóhùn tí kò ní fọwọ́ kan èèwọ̀ kankan. “Tóyìn... ṣé o ti jẹun?” Ó ní òun ti jẹun. Òótọ́ ni, mo ka àkàrà tó wọ ikùn rẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, ó yege nínú àwọn yòókù, ó fèèlì físíìsì. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe máa wọlé ìwé dókítà láìsí físíìsì. Kò jẹ́ kí n bá òun sọ ọ́. Ó lọ dúró níwájú bàbá rẹ̀ tó ń jẹun, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò wolẹ̀. Ọwọ́ ọkọ mi dúró nínú àwo. Èmi di férémù ilẹ̀kùn mú, mo ń dúró de ohun tó máa pè é.

Ó wá fẹ̀yìn ọwọ́ ti àwo ẹran sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Tóyìn, jókòó, ọbẹ̀ ti ń tutù.”

Ó jókòó. Wọ́n jọ jẹ ẹ́.

Ẹ ti ń béèrè ohun tó dà, àbí? Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló padà kà. Ó ń sin adìyẹ ní Mowe, adìyẹ tó pọ̀, tó ń bọ́ òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Òun ló ń fún wọn lóògùn tí ara wọn ò bá yá, wọn kì í sì í pè é ní nǹkan kan.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, mo sì máa sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí ọmọ yín tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì ò bá jẹun mọ́, tí inú ń run ún kìkì ọjọ́ ilé-ìwé, tó ń wo ìwé láìkà á, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ fún àyẹ̀wò, nítorí àìsàn gidi náà wà. Bí wọn ò bá rí àìsàn, ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ jẹ́ kó ṣeré, eré kì í jí ìwé gbé. Kí ẹ sì tẹ́tí sí ohun tí ẹ̀yin ará ilé ń pè é, kódà tó bá jẹ́ àdúrà. Ẹ bi ọmọ náà léèrè bóyá ó lè ru àdúrà ọ̀hún.

Ẹ̀yin náà ti jẹ́ ọmọ ilé-ìwé rí. Kí ni wọ́n ń pè yín nílé nígbà tí ẹ ń múra ìdánwò, báwo ló sì ṣe rí lára yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí, kí gbogbo wa kà á.